Ẹ̀rọ Tí Í Lé Ewé Omi Kúrò nínú Adágún Ìlúwẹ̀ẹ́

Omi, abùwẹ̀, abùmu, ọ̀rẹ́ gbogbo ayé tí ẹnikẹ́ni kì í bá ṣọ̀tá, ní ìwà kan tí ẹni tí ó bá fẹ́ gbé e kalẹ̀ sí àgbàlá rẹ̀ kò gbọdọ̀ ṣàìmọ̀: bí ó bá ń ṣàn, a máa mọ́, bí ó bá dúró lójú kan, ohun ẹlẹ́mìí mìíràn a sọ ọ́ di ibùgbé. Ọ̀pọ̀ onílé ní Ìkòyí, ní Lẹ́kí àti ní Bódìjà ní Ìbàdàn, tí wọ́n ná owó rẹpẹtẹ láti mọ adágún ìlúwẹ̀ẹ́ sí ẹ̀yìnkùlé wọn, ni wọ́n ti jí lówùúrọ̀ ọjọ́ ìnáwó tí wọ́n bá a pé omi tí ó ń dán ní ìjẹrin ti di àwọ̀ ewé, tí ògiri rẹ̀ ń yọ̀, tí òórùn ẹrẹ̀ sì ń ti inú rẹ̀ jáde. Ohun tí púpọ̀ nínú wọn ń ṣe ni pé wọ́n á ra garawa ìyẹ̀fun kúlóríìnì kan, wọ́n á dà á sómi, wọ́n á tún ra òmíràn, láìbojú wo yàrá kékeré tí ó wà lẹ́yìn ilé, níbi tí ẹ̀rọ afami àti àgbá oníyanrìn wà. Nípa àwọn méjèèjì yìí ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀, nítorí ó dá mi lójú pé àwọn ni ó ń ṣẹ́gun, àti pé oògùn, bí ó ti wù kí ó lágbára tó, olùrànlọ́wọ́ wọn ni.

Ewé omi, tí ó ń gbé ara ró bí ewéko, ni ọ̀tá náà, bí ó tilẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí ẹyọ kan rẹ̀. Afẹ́fẹ́ ń gbé e wá, òjò ń rọ̀ ọ́ sílẹ̀, ó sì ń bá ẹsẹ̀ ọmọdé wọlé, nítorí náà kò sí odi tí a lè mọ tí kò ní í dé inú rẹ̀. Nígbà tí ó bá dé, ìmọ́lẹ̀ oòrùn ni ó fi ń gbé ara ró, pẹ̀lú afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù inú omi àti àwọn èròjà ajílẹ̀ bíi fọ́sífeeti tí ewé jíjẹrà àti eruku ń kó wọ inú adágún. Ní ilẹ̀ tiwa, níbi tí oòrùn kì í ti í ṣọ̀wọ́n tí omi kì í sì í tutù ní oṣù kankan, kò sí àsìkò tí ó ń sinmi. Èyí tí í sọ gbogbo omi di àwọ̀ ewé ni ó wọ́pọ̀ jù. Òmíràn pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, a sì máa lẹ̀ mọ́ ògiri níbi tí òjìji wà. Ẹ̀kẹta dúdú, a máa rá pálá wọ inú sìmẹ́ǹtì, òun ni ó sì ṣòro jù láti tu. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò: ẹni tí ó bá mú búrọ́ọ̀ṣì nígbà tí ògiri ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ̀, tí omi kò tíì yí àwọ̀, iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ kan ni yóò fi borí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a tẹ̀lé omi ní ọ̀nà rẹ̀. Lára ògiri adágún, níbi tí ojú omi mọ, ihò onígun mẹ́rin kan wà tí ó ní ilẹ̀kùn kékeré tí í léfòó; òun ni í gbá ojú omi, tí í gba ewé igi, kòkòrò àti ọ̀rá ara kí wọ́n tó rì. Òmíràn wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá, tí a fi ìdérí oníhò bò. Láti ẹnu méjèèjì ni ẹ̀rọ afami ti ń fa omi, á kọ́kọ́ mú un gba inú apẹ̀rẹ̀ kan tí ó ń dá irun àti èso igi dúró, kí wọ́n má baà há mọ́ abẹ̀bẹ̀ tí ń yí kíkankíkan nínú ikùn ẹ̀rọ. Abẹ̀bẹ̀ yìí ni ó sì ń ti omi tagbáratagbára wọ òkè àgbá asẹ́mi. Iyanrìn ni ó kún inú àgbá náà, kì í ṣe èyí tí a fi ń kọ́lé, bí kò ṣe èyí tí a jọ̀ títí gbogbo ẹyọ rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó nǹkan bí ìdajì mìlímítà. Omi á sọ̀ kalẹ̀ láàárín rẹ̀, ìdọ̀tí á há sí àlàfo tóóró tí ó wà láàárín ẹyọ kan àti èkejì, omi tí ó ti mọ́ á sì gba àwọn páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ tí a là wínníwínní ní ìsàlẹ̀ àgbá padà lọ sínú adágún.

Ẹni tí ó bá mọ bí a ti ń sẹ́ ògì lè rò pé iṣẹ́ kan náà ni, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ pàtàkì wà níbẹ̀. Ojú aṣọ asẹ́ kì í yí padà. Ṣùgbọ́n bí iyanrìn bá ti ń gba ìdọ̀tí, àlàfo inú rẹ̀ á máa kéré sí i, á sì lè dá ohun tí ó tún kúnná ju ti àkọ́kọ́ lọ dúró. Nítorí náà ni fífọ iyanrìn ní àfọ̀jù fi ń ba iṣẹ́ jẹ́. Iyanrìn tí ó mọ́ a máa dá ohun tí ó fẹ̀ tó ìdá 20 sí 40 nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà dúró. Ewé omi tí ó wà láàyè, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń dá rìn, lè má tó ìdá 10, a sì máa yọ́ kọjá. Níhìn-ín ni a ti nílò oògùn: kúlóríìnì ń pa á, òkú rẹ̀ á máa ṣù pọ̀ mọ́ra, iyanrìn á wá rí ohun tí yóò mú.

Gééjì kan wà lórí àgbá tí ń sọ bí omi ti ń fi agbára tì tó. Kí onílé kọ nọ́mbà tí ọwọ́ rẹ̀ dúró lé sílẹ̀ ní ọjọ́ tí iyanrìn mọ́. Nígbà tí ó bá fi 8 tàbí 10 psi ju bẹ́ẹ̀ lọ, iyanrìn ti yó. Nígbà náà ni a ó pa ẹ̀rọ, tí a ó yí ọwọ́ fáàfù sí ibi ìfọ̀, kí a tó tún tan ẹ̀rọ: omi á wá gba ìsàlẹ̀ wọlé, á gbé iyanrìn dìde, á sì kó ìdọ̀tí jáde lọ sí gọ́tà, títí ohun tí ń jáde yóò fi mọ́. A ó tún pa ẹ̀rọ, a ó yí ọwọ́ fáàfù sí ibi ìṣan, a ó tan ẹ̀rọ kí ó ṣan iyanrìn fún ìṣẹ́jú kan, a ó sì tún pa á kí a tó dá ọwọ́ fáàfù padà. Ẹni tí ó bá yí ọwọ́ náà nígbà tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ lè ya rọ́bà inú rẹ̀, ìdọ̀tí á sì máa yọ́ padà sínú adágún láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fura. Bí omi bá ti di àwọ̀ ewé, a lè fọ iyanrìn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lóòjọ́.

Wàhálà tí ó tóbi jù ni ti àkókò. Adágún tí ó gùn ní mítà 10, tí ó fẹ̀ ní mítà 5, tí jíjìn rẹ̀ sì tó mítà kan ààbọ̀, ó gba lítà 75,000. Ẹ̀rọ tí ń fa lítà 10,000 ní wákàtí kan yóò lo wákàtí méje ààbọ̀ kí ó tó fa iye yìí. Síbẹ̀, nítorí pé omi tí ó ti mọ́ ń padà lọ dàpọ̀ mọ́ èyí tí kò tíì mọ́, nǹkan bí lítà 37 nínú 100 ni kò tíì kan iyanrìn rárá lẹ́yìn gbogbo làálàá yẹn. Mo mọ̀ pé iná mànàmáná ń lọ ó ń bọ̀, mo sì mọ iye tí dísẹ́ẹ̀lì jẹ́. N kò sì lè bá ẹni tí ó ń tan ẹ̀rọ fún wákàtí kan péré wí. Ṣùgbọ́n ewé omi kì í gba àwáwí. Nígbà tí omi bá ti yí àwọ̀, ẹ̀rọ gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ tọ̀sán tòru.

Ní ti oògùn, a kì í fi ètè sílẹ̀ pa lápálàpá: kí a tó da kúlóríìnì, kí a kọ́kọ́ wọn pH omi, ìyẹn ìwọ̀n tí ń fi hàn bí omi ti ní ásíìdì tó. Bí ó bá jẹ́ 7.5, nǹkan bí ìdajì kúlóríìnì ni ó wà ní irú èyí tí í pa nǹkan dáadáa; bí ó bá gòkè dé 8, ó lè má tó ìdá kan nínú mẹ́rin. Ewé omi fúnra rẹ̀ ni ó sì ń gbé pH náà gòkè, nítorí afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù tí ó ń gbà mu. Ẹ mú un wá sí 7.2, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ha ògiri, kí ẹ tó da oògùn ní ìrọ̀lẹ́, nítorí oòrùn ọ̀sán lè pa ìdajì kúlóríìnì tí kò ní ààbò kí wákàtí kan tó pé. Fún adágún tí mo wí yìí, ìyẹ̀fun oní-65% tí ó tó kílò kan àti díẹ̀ yóò fi mílígíráàmù 10 kún lítà kọ̀ọ̀kan. Ìyẹ̀fun ni kí ẹ dà sínú omi, ẹ má ṣe da omi lé ìyẹ̀fun, ẹ má sì jẹ́ kí ó pàdé ásíìdì, nítorí èéfín májèlé ni í tìdí rẹ̀ jáde. Ní òwúrọ̀ omi lè funfun bàìbàì. Òkú ewé ni, iṣẹ́ ẹ̀rọ ni ó kù.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àìmọ̀kan tàbí àìlówó nìkan ni ó ń fa èyí. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2016, ní ìdíje Òlíńpíìkì ní Rio de Janeiro, adágún àwọn tí ń bẹ́ sómi di àwọ̀ ewé lójú gbogbo ayé. Àwọn aláṣẹ ṣàlàyé pé ẹnìkan ti da lítà 80 háídrójìn pẹ́rọ́ksáìdì sínú rẹ̀, èyí tí ó pa agbára kúlóríìnì, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ ìdíwọ̀n ṣì ń sọ pé kúlóríìnì wà. Omi adágún tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí òun náà ti yí àwọ̀, ni wọ́n dà nù tí wọ́n sì pààrọ̀ kí ìdíje ìlúwẹ̀ẹ́ oníjó tó bẹ̀rẹ̀ nínú rẹ̀.

Dída omi nù kì í ṣe ọ̀nà tí mo lè gba onílé níyànjú láti tọ̀ ní Èkó, nítorí omi abẹ́ ilẹ̀ sún mọ́ òkè púpọ̀ ní Lẹ́kí àti Erékùṣù Fikitóríà, ó sì lè ti adágún tí ó ṣófo sókè kí ó sán. Kí ẹni tí ó ń lo omi kànga ẹ̀rọ náà sì wò ó dáadáa: bí kúlóríìnì bá sọ omi di àwọ̀ ìpẹtà, irin inú omi ni ó ń hàn, kì í ṣe ewé.

Ìkìlọ̀ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí gbogbo òbí gbà lọ́wọ́ mi. Níwọ̀n ìgbà tí omi bá ṣì ṣú, tí ojú kò tó ìsàlẹ̀ níbi tí ó jìn jù, ẹ ti ilẹ̀kùn ọgbà pa, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ kankan wọ inú rẹ̀, ìbáà jẹ́ ọmọ tí ó mọ ìlúwẹ̀ẹ́. Ẹni tí ó bá rì sínú omi bẹ́ẹ̀, àwọn tí ó dúró létí rẹ̀ kò ní í rí i.