Iṣẹ́ Ẹnjiníà Ti Bọ́ Sọ́rùn Olórin

Nígbà tí iléeṣẹ́ EMI ṣí sítúdíò rẹ̀ ní òpópónà Abbey Road, nílùú Lọ́ńdọ̀n, lọ́dún 1931, kíkọ orin ni iṣẹ́ olórin. Ẹ̀rọ ní àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀. Àwọn ẹnjiníà níbẹ̀ a máa wọ ẹ̀wù funfun bíi ti dókítà, àwọn ni wọ́n sì ń wá ìdí ariwo tó bá yọjú nínú ohùn. Ọ̀kan nínú wọn ni Ken Townsend, ẹni tó dá ọgbọ́n kan lọ́dún 1966 tí ohùn kan fi ń di méjì fún àwọn Beatles láìjẹ́ pé akọrin tún un kọ. Townsend padà di ọ̀gá sítúdíò náà.

Lónìí, ẹni tó jókòó sí yàrá rẹ̀ ní Ìbàdàn tàbí ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀n pẹ̀lú láptọ́ọ̀pù, makirofóònù àti hẹ́dífóònù, òun ni olórin, òun ni ẹnjiníà, òun náà ni olùtọ́jú ẹ̀rọ. Bí ohùn bá bẹ̀rẹ̀ sí í ta pá-pá-pá láàárín orin, kò sí aláṣọ funfun tí yóò pè.

Iléeṣẹ́ Steinberg ti ìlú Hamburg, ní Jámánì, ló gbé ìlànà VST jáde lọ́dún 1996, tó sì gba àwọn ẹlòmíràn láyè láti máa ṣe plugin, ìyẹn ètò kékeré tó ń wọnú ètò ńlá tí a fi ń gba ohùn sílẹ̀, kó lè ṣe iṣẹ́ kan pàtó níbẹ̀. Òmíràn a mú kí ohùn dún bíi pé inú gbọ̀ngàn ló ti wá, òmíràn a máa dún bíi dùùrù. Lọ́dún 1997 ni ASIO dé, ọ̀nà tààrà láti inú ètò ńlá náà lọ sí káàdì ohùn. Ọdún yẹn kan náà ni FruityLoops jáde ní Bẹ́ljíọ̀m. Òun la mọ̀ sí FL Studio lónìí, òun sì ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe orin l'Ékòó fi kọ́ṣẹ́.

Àwọn plugin yìí ló sábà máa ń fa ariwo pá-pá-pá náà, àkókò sì ni gbogbo wàhálà rẹ̀ dá lé. Ní ìwọ̀n tí wọ́n ń lò fún CD, kọ̀ǹpútà ń ka ohùn nígbà 44,100 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Kì í fi wọ́n ránṣẹ́ lẹ́yọ lẹ́yọ, ó ń dì wọ́n ní ìdì-ìdì ni, ìwọ̀n ìdì náà ni wọ́n sì ń pè ní buffer. Bí buffer bá jẹ́ 128, gbogbo plugin inú orin gbọ́dọ̀ parí iṣẹ́ wọn láàárín nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá. Bí wọ́n bá pẹ́, káàdì ohùn á nawọ́, kò ní rí nǹkan gbà. Àlàfo yẹn ni etí ń gbọ́. Kò jọ ohùn tó fọ́ nítorí pé wọ́n gbé e sókè jù. Dídín ohùn kù ló ń wo ìyẹn sàn, kò sì ran èyí rárá.

Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń sọ pé kí a gbé buffer sókè. Ní 1,024, àyè iṣẹ́ á fẹ̀ dé nǹkan bí ìdá mẹ́tàlélógún nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá. Ìmọ̀ràn tó dára ni fún ẹni tó ń po ohùn pọ̀, ṣùgbọ́n akọrin tó ń kọrin lọ́wọ́ á máa gbọ́ ohùn ara rẹ̀ lẹ́yìn tó ti kọ ọ́ tán, èyí sì ń da orin rú mọ́ ọn lẹ́nu. Kí buffer kéré nígbà ìgbasílẹ̀, kó tóbi nígbà ìpòpọ̀.

Ohun tó ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ ni mítà tó ń fi agbára kọ̀ǹpútà hàn. Wọ́n á rí i pé kò tíì dé ìdajì, síbẹ̀ ohùn ń já. Àwọn plugin tí a tò sórí track kan, ìyẹn ìlà ohùn kan nínú orin, ń dúró de ara wọn: èkejì kò lè bẹ̀rẹ̀ àfi bí àkọ́kọ́ bá parí, nítorí náà core kan ṣoṣo, ìyẹn ọ̀kan nínú àwọn ọpọlọ kọ̀ǹpútà, ló sábà máa ń ru gbogbo wọn. Ẹni tó kó plugin wíwúwo márùn-ún sórí master, níbi tí gbogbo track ti ń pàdé, ti di ẹrù náà lé core kan lórí, àwọn tó kù á sì jókòó lásán. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè ra kọ̀ǹpútà olówó ńlá kí ariwo náà má sì lọ, owó ṣòfò nìyẹn.

Ọ̀nà tó dájú láti mọ plugin tó ń fa ariwo ni kí a pa ìdajì wọn, kí a tẹ́tí. Bí ariwo bá dákẹ́, inú ìdajì yẹn ni ọ̀daràn wà. Kí a tún pín in sí méjì títí a ó fi mú un. Bí a kò bá lè ṣe aláìlò ó, freeze wà: kọ̀ǹpútà á tẹ track náà pẹ̀lú plugin rẹ̀ di ohùn lásán, á sì sọ ẹrù kalẹ̀. Ọgbọ́n àtijọ́ ni. Nígbà tí àwọn Beatles ń ṣe àwo orin Sgt. Pepper, tó jáde lọ́dún 1967, ẹ̀rọ onítrack mẹ́rin ni wọ́n lò, bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá sì kún, àwọn ẹnjiníà á pò wọ́n lọ sórí ẹ̀rọ mìíràn kí àyè lè yọ.

Nígbà mìíràn plugin kò jẹ̀bi. Ètò tó ń darí Wi-Fi lè gba àkókò mọ́ ohùn lọ́wọ́ lórí Windows, ètò ọ̀fẹ́ tó ń jẹ́ LatencyMon sì lè tú u fó. Láptọ́ọ̀pù tó ń lo bátìrì náà sábà máa ń rọra ṣiṣẹ́ kí iná má bàa tètè tán, ohun tí ẹni tí iná ń lọ mọ́ lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ fi sọ́kàn. Plugin tí a kò tíì sanwó rẹ̀ wà tó ń mọ̀ọ́mọ̀ fi ariwo tàbí ìdákẹ́jẹ́ sáàárín orin.

Ariwo tí plugin fà nígbà tí orin ń dún kì í sábà wọnú fáìlì tí a gbé jáde, torí pé nígbà ìgbéjáde, kọ̀ǹpútà lè lo àkókò tó bá wù ú. Èyí tó wọlé nígbà tí akọrin ń kọrin lọ́wọ́ ni kò ní kúrò mọ́. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń gba ohùn sílẹ̀ fún oníbàárà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ ohun tí ẹ gbà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kí akọrin tó kúrò lọ́dọ̀ yín.