Itọ́ Ẹnu, Òkèlè Fufu àti Ara Sísan Ní Kumasi

Ìyá tó bá ń fún ọmọ lẹ́kọ mu ti rí i rí. Ẹ̀kọ gbígbóná á ki dáadáa nínú abọ́. Ṣíbí á wọ ẹnu ọmọ, á padà sínú abọ́, á tún wọ ẹnu. Kí ọmọ tó mu ún dé ìdajì, ẹ̀kọ ti ń ṣàn bí omi. Àwọn tó ń mu koko, ìyẹn ògì tiwọn, láàárọ̀ ní Asafo àti Kejetia, ní ìlú Kumasi nílẹ̀ Gánà, mọ̀ ọ́n bí àwọn tó ń mu ògì n'Íbàdàn ṣe mọ̀ ọ́n. Ògì náà kò bàjẹ́, ẹni tó ro ó kò sì jẹ̀bi. Itọ́ tó bá ṣíbí wọ inú abọ́ ló já a.

Itọ́ tí ẹnu àgbàlagbà ń sun lójúmọ́ tó ìdajì lítà sí lítà kan ààbọ̀. Ìdá 99 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ jẹ́ omi. Inú ìwọ̀nba tó ṣẹ́ kù ni iṣẹ́ wà: iyọ̀ oríṣiríṣi, àti àwọn pùrótéènì tó pọ̀ jọjọ. Àwọn kan ń mú kí oúnjẹ yọ̀ lọ́fun, àwọn kan ń bá kòkòrò àrùn jà, àwọn mìíràn ń dáàbò bo eyín. Ọ̀kan lára àwọn tó pọ̀ jù ni amylase. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti gé sítáàṣì inú iṣu, gbágùúdá, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ìrẹsì sí ṣúgà wẹ́wẹ́. Ará Jámánì kan, Erhard Leuchs, ti kíyè sí i láti ọdún 1831 pé itọ́ ń sọ sítáàṣì di ṣúgà. Ẹni tó bá fẹ́ dán an wò kò nílò yàrá àyẹ̀wò kankan. Kí ó fi iṣu sísè tí kò níyọ̀ sẹ́nu, kí ó jẹ ẹ́ kúnná, kí ó má tíì gbé e mì, kí ó sì ní sùúrù fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì. Adùn kan á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ díẹ̀díẹ̀.

Amylase kò pọ̀ bákan náà lẹ́nu gbogbo ènìyàn, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti dé orí ara sísan. Àbùdá tí ara fi ń ṣe amylase inú itọ́ ni wọ́n ń pè ní AMY1. Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ àbùdá wa, ẹ̀dà méjì péré ni kálukú ní, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. Ti AMY1 yàtọ̀. Ẹlòmíràn ní ẹ̀dà méjì, ẹlòmíràn ní mẹ́fà, àwọn kan sì wà tí tiwọn ju mẹ́wàá lọ. Bí ẹ̀dà bá ṣe pọ̀ sí i ni amylase sábà máa ń pọ̀ sí i nínú itọ́. Ìnàkí tí wọ́n ń pè ní chimpanzee, tó jẹ́ pé èso ni olórí oúnjẹ rẹ̀, kò ní ju méjì lọ.

Lọ́dún 2007, George Perry, Nathaniel Dominy àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé ìwádìí kan jáde tí àwọn onímọ̀ ṣì ń tọ́ka sí dòní. Wọ́n kó àwọn tí oúnjẹ wọn kún fún sítáàṣì sọ́wọ́ kan: àwọn Hadza ilẹ̀ Tanzania tí wọ́n ń wa iṣu inú igbó, àwọn ará Jàpáànì, àti àwọn ará Amẹ́ríkà tí ìran wọn wá láti Yúróòpù. Wọ́n kó àwọn tí sítáàṣì kò pọ̀ nínú oúnjẹ wọn sọ́wọ́ kejì: àwọn Mbuti àti Biaka inú igbó Àárín Gbùngbùn Áfíríkà, àwọn Datog tó ń da ẹran, àti àwọn Yakut ilẹ̀ òtútù Siberia. Nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn lọ́wọ́ àkọ́kọ́, 70 ló ní ẹ̀dà mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́wọ́ kejì, 37 ni. Oúnjẹ àwọn baba ńlá ti fi àmì sára ọmọ. Ìwádìí mìíràn tó jáde lọ́dún 2024 tilẹ̀ fi hàn pé àbùdá yìí ti bẹ̀rẹ̀ sí í di púpọ̀ lára ènìyàn láti ohun tó ju 800,000 ọdún lọ, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ oko dídá.

Ọdún 2014 ni ariwo wá ta. Mario Falchi, Tim Spector, Philippe Froguel àti àwọn ẹgbẹ́ wọn tẹ ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn Nature Genetics, wọ́n ní ẹni tí ẹ̀dà AMY1 rẹ̀ kò tó mẹ́rin fi nǹkan bí ìlọ́po mẹ́jọ wà nínú ewu ìsanrajù ju ẹni tí tirẹ̀ lé ní mẹ́sàn-án lọ. Ó yani lẹ́nu. Ṣé kì í ṣe amylase ló ń sọ sítáàṣì di ṣúgà ni? Kí ló dé tí ẹni tí tirẹ̀ kéré á fi máa sanra jù? Àwọn olùwádìí méjì ní ilé ìwádìí Monell ní Philadelphia, Abigail Mandel àti Paul Breslin, ti rí ohun kan lọ́dún 2012 tó lè tan ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ sí i. Wọ́n fún àwọn ènìyàn díẹ̀ ní sítáàṣì mu. Àwọn tí amylase pọ̀ lẹ́nu wọn ni ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn kò ga púpọ̀, nítorí insulin wọn, èyí tó ń darí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, ti tètè gbéra kí ẹrù ṣúgà tó dé. Ó jọ pé ẹnu ló ta ara lólobó. Ara àwọn tí tiwọn kéré kò rí ìkìlọ̀ gbà, ṣúgà sì ga lẹ́jẹ̀ wọn.

Kò pé ọdún méjì tí àtakò fi dé. Lọ́dún 2015, àwọn olùwádìí mìíràn láti agbègbè Boston, Christina Usher àti Steven McCarroll wà lára wọn, fi ọ̀nà tó péye ju ti ìṣáájú lọ ka ẹ̀dà AMY1, nítorí kíka àbùdá tó tò tẹ̀lé ara wọn bẹ́ẹ̀ ṣòro gan-an. Nínú ìwé ìròyìn Nature Genetics kan náà ni wọ́n ti sọ pé àwọn kò rí okùn kankan tó so iye ẹ̀dà náà mọ́ ara sísan. Ó yẹ kí gbogbo ẹni tó ti gbọ́ ìròyìn ìlọ́po mẹ́jọ gbọ́ èyí náà, nítorí ti àkọ́kọ́ ni redíò àti ìwé ìròyìn gbé káàkiri ayé. Ti ìkejì kò rìn jìnnà.

Ẹni tó bá sì ṣì fẹ́ di gbogbo ẹrù ru àbùdá, kí ó wá wo ilẹ̀ Àṣántì ní Gánà, níbi tí Kumasi wà.

Láàrin ọdún 2012 sí 2015, àwọn olùwádìí kan wọn ọmọ Gánà 5,659, tí ọjọ́ orí wọn jẹ́ 25 sí 70. Charles Agyemang, ọmọ Gánà tó ń ṣiṣẹ́ ní Amsterdam, ló ṣáájú wọn. Ellis Owusu-Dabo ti Yunifásítì KNUST ní Kumasi wà lára wọn. RODAM ni wọ́n pe iṣẹ́ náà. Àwọn kan nínú àwọn tí wọ́n wọ̀n ń gbé ní abúlé ilẹ̀ Àṣántì, àwọn kan ní ìgboro Kumasi àti Obuasi, ìyókù ti ṣí lọ sí Amsterdam, Berlin àti Lọ́ńdọ̀nù. Bí wọ́n ṣe ń mọ ẹni tó sanra jù ni pé wọ́n á fi gíga ènìyàn wé ìwúwo rẹ̀: obìnrin tó ga ní mítà kan àti ọgọ́ta sẹ̀ǹtímítà, bó bá ti wọn kílò 77, ó ti wọ ẹgbẹ́ náà.

Èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2016. Nínú àwọn obìnrin abúlé, ìdá 8.3 nínú ọgọ́rùn-ún ló sanra jù. Ní Kumasi àti Obuasi, ó di 33.9. Ní Lọ́ńdọ̀nù, 54.4. Ti àwọn ọkùnrin tẹ̀lé ọ̀nà kan náà, láti 1.3 ní abúlé sí 6.9 ní ìgboro, ó sì dé 21.4 ní Lọ́ńdọ̀nù. Àtọ̀gbẹ kò jókòó sílé: ìdá 3.6 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọkùnrin abúlé ló ní in, ó di 10.3 ní ìgboro, ó sì di 15.3 lára àwọn tó wà ní Berlin. Ìran kan náà ni wọ́n. Ẹ̀gbọ́n lè wà lóko, kí àbúrò wà ní Kumasi, kí ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Itọ́ tí bàbá ńlá kan náà fi sílẹ̀ ló wà lẹ́nu gbogbo wọn. Láti abúlé dé Kumasi kò ju ìrìn wákàtí díẹ̀ nínú ọkọ̀ èrò trotro lọ, síbẹ̀ ìsanrajù àwọn obìnrin ti di ìlọ́po mẹ́rin.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò retí wà nínú ìwádìí oúnjẹ tó tẹ̀lé e. Lábúlé, níbi tí ara ti fúyẹ́ jù, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń jẹ iṣu, gbágùúdá àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ jù. Ní ìgboro àti lókè òkun, oúnjẹ ti di oríṣiríṣi: ìrẹsì, pásítà àti ẹran. Àwọn tó máa ń na ìka sí fufu nígbàkigbà tí wọ́n bá dárúkọ ara sísan kò ka ìwé náà dé ìsàlẹ̀. Àgbẹ̀ tó jẹ òkèlè kó tó fẹsẹ̀ rìn lọ sóko, tó sì ro ilẹ̀ títí oòrùn fi yí, kò jọ oníṣòwò tó jẹ òkèlè kan náà, tó jókòó ti ọjà rẹ̀ ní Kejetia láti òwúrọ̀ dalẹ́, tó sì fi ọtí ẹlẹ́rìndòdò lé e.

Fufu Kumasi tilẹ̀ ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ pẹ̀lú itọ́. Àwọn Yorùbá tó ti gbé ìlú náà rí, kí òfin tí ìjọba Gánà ṣe lórí àwọn àjèjì lọ́dún 1969 tó lé ọ̀pọ̀ wọn padà wálé, mọ̀ pé kì í ṣe oúnjẹ kíkan tí à ń pè ní fùfú nílé. Gbágùúdá sísè àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú ni wọ́n ń gún pọ̀ nínú odó. Ẹnìkan á máa gún, ẹnìkejì á jókòó ti odó, á máa fọwọ́ yí i kí ọmọ odó tó tún sọ̀ kalẹ̀, títí yóò fi fà. Wọ́n á dá a sínú ọbẹ̀ aláta. Ẹni tó bá ń jẹ ẹ́, ṣe ló máa ń bù ú, tí á gbé e mì. Kì í rún un lẹ́nu, bí àwa náà kì í ti í rún iyán. Amylase kò wá ráyè púpọ̀ lẹ́nu. Iṣẹ́ rẹ̀ kò parí níbẹ̀ ṣá o: ó lè máa bá a lọ fún ìgbà díẹ̀ nínú àárín òkèlè, títí omi kíkan inú ikùn á fi wọlé pa á. Ẹ̀yà ara tó fara ti ẹ̀yìn àpòlúkù, òun kan náà tó ń ṣe insulin, ló tún ń tú amylase tirẹ̀ sínú ìfun láti parí iṣẹ́. Gbogbo sítáàṣì á ṣì di ṣúgà. Ohun tó yí padà ni bó ṣe yá tó àti bí ara ṣe gbọ́ ọ lásìkò tó.

Itọ́ ṣì ń ṣe ohun mìíràn tó lè wúlò fún wa ju àríyànjiyàn AMY1 lọ: ó ń ròyìn ohun tó ń lọ nínú ara. Leptin, tí ọ̀rá ara máa ń ṣe, tí Jeffrey Friedman àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàwárí lọ́dún 1994, máa ń yọ nínú itọ́. Insulin náà máa ń yọ. PYY, tí ìfun máa ń tú sẹ́jẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ láti sọ fún ọpọlọ pé ó ti tó, wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Lọ́dún 2011, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Florida ṣe é tí PYY fi pọ̀ sí i nínú itọ́ àwọn eku tó sanra. Àwọn eku náà dín oúnjẹ kù, wọ́n sì fọn. Eku ni o, kì í ṣe ènìyàn, kí ẹnikẹ́ni má tìtorí èyí ra oògùn ìfọ́nsẹ́nu lọ́jà.

Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Kuwait ló sún mọ́ ohun tí ilé ẹ̀kọ́ Kumasi lè lò. Àwọn onímọ̀ láti ilé ìwádìí Forsyth ní Amẹ́ríkà gba itọ́ lẹ́nu ọmọ ọdún mọ́kànlá 744 níbẹ̀, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2014. Insulin, leptin àti pùrótéènì kan tó máa ń pọ̀ nígbà tí ara bá ń gbóná lábẹ́nú pọ̀ nínú itọ́ àwọn tó sanra jù. Adiponectin, tó máa ń bá insulin ṣiṣẹ́ dáadáa, kéré. Ẹni tó bá ti wo ọmọ tó ń sunkún nígbà tí wọ́n fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á mọ ohun tí àyẹ̀wò tí kò lábẹ́rẹ́ yóò jẹ́ fún nọ́ọ̀sì tó ní kíláàsì odindi níwájú. Kò tíì rọ́pò àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó bá lọ sí ilé ìwòsàn Komfo Anokye ní Kumasi nítorí àtọ̀gbẹ, ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n á gbà.

Láàrin ọdún 2019 sí 2021, àwọn ẹgbẹ́ RODAM padà lọ bá ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n ti wọ̀n, lábúlé Àṣántì, ní Kumasi òun Obuasi, àti ní Amsterdam. Ẹ̀dà AMY1 ẹnikẹ́ni nínú wọn kò lè pọ̀ sí i tàbí dín kù láàrin ọdún díẹ̀ yẹn. Òṣùwọ̀n, okùn ìwọnbàdí, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ àti ohun tó wà nínú abọ́ ni wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í kọ sílẹ̀.