Ìtàdógún lórí Kọ̀ǹpútà: Ìṣirò Ọjọ́ Yorùbá àti Kàlẹ́ńdà Orí Íńtánẹ́ẹ̀tì

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ogún ọdún ń bọ̀ wá kọ̀la. Ohun tí òwe yìí ń fi yé ni ni pé ọjọ́ tí a bá dá kò ní ṣàì pé. Ṣùgbọ́n kí àwọn tí ó dá ọjọ́ tó lè pàdé, wọ́n gbọ́dọ̀ máa ka ọjọ́ bákan náà. Ọ̀rọ̀ yìí kan ọmọ Yorùbá tí ó ń gbé Hanwa, ní ìjọba ìbílẹ̀ Sabon Gari, ní Zaria, tí ó sì wà nínú ẹgbẹ́ kan nílé tí ó ń ṣe ìpàdé ní ìtàdógún-ìtàdógún. Ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ méje ni ilé-ìwé àti ilé-iṣẹ́ agbègbè rẹ̀ ń tẹ̀ lé. Kò sí ọjà ọrún ní ìtòsí tí yóò rán an létí. Kàlẹ́ńdà orí kọ̀ǹpútà lè ṣe iṣẹ́ ọjà náà fún un. Àpilẹ̀kọ yìí ṣàlàyé bí irú kàlẹ́ńdà bẹ́ẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ lórí Linux, ó sì tọ́ka sí ibi tí ìṣirò rẹ̀ ti yàtọ̀ sí ti Yorùbá.

Bí àdéhùn ṣe ń dé ojú kọ̀ǹpútà

Linux ni ètò ìpìlẹ̀ kọ̀ǹpútà tí Linus Torvalds, ọmọ ilẹ̀ Finland, gbé jáde ní ọdún 1991. Ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀yà rẹ̀ ni Ubuntu, tí ó jáde ní ọdún 2004, tí ó sì gba orúkọ rẹ̀ láti inú àwọn èdè Nguni ti gúúsù Áfíríkà. GNOME ni Ubuntu fi ń ṣe ojú iṣẹ́ rẹ̀. Lójú iṣẹ́ yìí, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lókè pátápátá, aago àti ọjọ́ sì wà ní àárín rẹ̀. Bí a bá tẹ aago náà, kàlẹ́ńdà oṣù yóò ṣí sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn àdéhùn ọjọ́ náà.

Àdéhùn tí a kọ sí orí íńtánẹ́ẹ̀tì, bí àpẹẹrẹ lọ́dọ̀ Google, kì í ṣàdéédé fara hàn níbẹ̀. Ẹni tí ó ni kọ̀ǹpútà yóò lọ sí ibi Settings, yóò yan Online Accounts, yóò forúkọ wọlé sí Google, yóò sì gba kàlẹ́ńdà láàyè. Láti ìgbà náà, Evolution Data Server yóò máa bu àkọsílẹ̀ wá láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì, yóò sì máa tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Ìdí nìyí tí àdéhùn tí ó ti wọlé ṣe lè hàn nígbà tí kò bá sí íńtánẹ́ẹ̀tì. Èyí tí ẹlòmíràn ṣẹ̀ṣẹ̀ yí padà ni kò ní tíì hàn.

Ìlànà tí irú kàlẹ́ńdà báyìí fi ń bára wọn sọ̀rọ̀ ni iCalendar, tí ó jáde ní ọdún 1998, tí wọ́n sì tún ṣe ní ọdún 2009. Nínú rẹ̀, fún àdéhùn tí a ń fi ọjọ́ kà, INTERVAL ni ó ń sọ iye ọjọ́ tí a óò fi kún ọjọ́ àdéhùn kan kí a tó dé èyí tí ó tẹ̀ lé e.

Bí Yorùbá ṣe ń ka ọjọ́

Yorùbá a máa ka ọjọ́ tí ìṣirò ti bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. Èdè fúnra rẹ̀ jẹ́rìí sí èyí. Ìjẹta ni ọjọ́ tí ó ṣáájú àná: òní ni ìkíní, àná ni ìkejì, ìjẹta ni ìkẹta. Ọmọ tí a bí ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ Ajé tí ó tẹ̀ lé e ni ọjọ́ kẹjọ rẹ̀ tí a ó sọ ọ́ lórúkọ, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ méje péré ni a fi kún ọjọ́ ìbí rẹ̀. Inú àrún ni ọrún ti wá, síbẹ̀ ọjọ́ mẹ́rin ni ọ̀sẹ̀ àbáláyé ní: ọjọ́ Ọbàtálá, ọjọ́ Awo, ọjọ́ Ògún àti ọjọ́ Jàkúta. Inú ẹ̀sán ni ìsán ti wá, ọjọ́ mẹ́jọ ni a sì ń fi kún un. Inú ẹ̀tàdínlógún ni ìtàdógún ti wá, ọjọ́ mẹ́rìndínlógún ni a sì ń fi kún un. Nítorí pé ọ̀sẹ̀ àbáláyé mẹ́rin gééré ni èyí, ọjọ́ òrìṣà kan náà ni ìtàdógún máa ń bọ́ sí.

Ibi tí ìṣirò méjèèjì ti yapa

Kọ̀ǹpútà kì í ka ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. Nítorí náà, 4 ni a ó kọ fún ọrún, 8 fún ìsán, 16 fún ìtàdógún. Ẹ jẹ́ kí a gbà pé ẹgbẹ́ kan pàdé ní ọjọ́ 4, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2026. Ìtàdógún rẹ̀ ni ọjọ́ 20 oṣù náà. Lẹ́yìn èyí, ọjọ́ 5 àti ọjọ́ 21 oṣù kejì, àti ọjọ́ 9 oṣù kẹta. Ẹni tí ó bá kọ 17 yóò rí ọjọ́ 21 oṣù kìn-ín-ní, ọjọ́ 7 àti ọjọ́ 24 oṣù kejì, àti ọjọ́ 13 oṣù kẹta. Àṣìṣe náà ń fi ọjọ́ kọ̀ọ̀kan lé sí i. Nígbà tí ó bá di ẹ̀ẹ̀kẹrin, ó ti pé ọjọ́ mẹ́rin, orúkọ ọjọ́ òrìṣà yóò sì tún bá ti ẹgbẹ́ mu. Ẹni tí ó bá ń fi orúkọ ọjọ́ nìkan yẹ ara rẹ̀ wò kò ní fura, bẹ́ẹ̀ ẹgbẹ́ ti tú ká láti ọjọ́ mẹ́rin sẹ́yìn. Bí ó bá jẹ́ pé èésú ni wọ́n ń dá, ó ti di ajigbèsè láàárín ẹgbẹ́ láìmọ̀.

Àgbálọgbábọ̀

Kọ̀ǹpútà kò kọ ìṣirò Yorùbá. Ó lè gba ọrún, ìsán àti ìtàdógún bí a bá fún un ní iye tí ó tọ́. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ fún àwọn tí ń ṣe èdè-ìperí àti ìtumọ̀ ni pé ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ nìkan kò tó. Bí wọ́n bá túmọ̀ ibi tí a ti ń kọ INTERVAL sí “ọjọ́ kelòó”, Yorùbá tí ó gbọ́ èdè rẹ̀ dáadáa yóò kọ 17 sí i, kò sì ní jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá kọ ọ́ pé “ọjọ́ mélòó ni kí a fi kún un”, 16 ni yóò kọ, yóò sì bá ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìpàdé.