Àkàrà Ẹlẹ́ja Oníyọ̀ àti Orúkọ tí Ó Sọdá Òkun

Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán ní Agége ni àwọn alákàrà ti ń koná mọ́ ìdí agbada. Àwọn òṣìṣẹ́ tí iṣẹ́ òru parí fún ní àwọn ilé iṣẹ́ Ìkejà, àti àwọn tí wọ́n ń lọ gba iṣẹ́ òwúrọ̀ lọ́wọ́ wọn, a máa pàdé níbẹ̀. Olúkúlùkù a ra búrẹ́dì Agége, a là á lágbedeméjì, a sì fi àkàrà gbígbóná há a nínú. Díẹ̀ nínú wọn ni ó mọ̀ pé ní òdìkejì òkun, ní àwọn erékùṣù Kàríbíánì, àwọn ènìyàn kan ń jẹ àkàrà tí kò ní ẹyọ ẹ̀wà kan nínú. Ìyẹ̀fun àlìkámà, tí àwọn ará Èkó ń pè ní fúláwà, àti ẹja oníyọ̀ ni wọ́n fi ń ṣe é. Ìbéèrè tí ó kọ́kọ́ ń wá sí ọkàn ni pé: bí kò bá sí ẹ̀wà, ṣé àkàrà náà ni?

Àwọn àgbà ní, orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ. Ní Trinidad, accra ni orúkọ oúnjẹ yìí. Ní Martinique àti Guadeloupe, accras ni wọ́n ń kọ ọ́. Àwọn ará Háítì ní akra tiwọn, ṣùgbọ́n isu kan tí ó jọ kókò ni wọ́n ń rin láti fi ṣe é. Ní Bàhíà, ní ilẹ̀ Bùràsíìlì, ẹ̀wà kò kúrò nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni epo pupa. Acarajé ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, èyí tí ń rán Yorùbá létí ọ̀rọ̀ méjì, àkàrà àti jẹ. Oúnjẹ Ọya ni pẹ̀lú, ìjọba ilẹ̀ náà sì fi iṣẹ́ àwọn obìnrin tí ń tà á sínú ìwé ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè ní ọdún 1925 ó lé ọgọ́rin, èyíinì ni 2005. Òtítọ́ ni pé Yorùbá nìkan kọ́ ni ó ni ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu, nítorí àwọn Ìgbò náà ń pè é ní akara. Ṣùgbọ́n kò sí iyè méjì pé láti apá ilẹ̀ yìí ni ó ti bá ọkọ̀ ẹrú lọ.

Báwo ni ẹja ṣe wá gba ipò ẹ̀wà? Ìrèké ni àwọn olóko erékùṣù wọ̀nyí ń gbìn. Wọn kò fẹ́ fi ilẹ̀ àti àkókò ṣòfò lórí oúnjẹ ẹrú, nítorí náà wọ́n ń ra ẹja tí ó bá pọ́ọ́kú láti Newfoundland àti àwọn èbúté ìhà àríwá Amẹ́ríkà. Wọ́n ti fi iyọ̀ pa á, ó sì lè pẹ́ nínú ọkọ̀ àti nínú ooru láìbàjẹ́. Èyí tí kò dára tó láti tà ní Yúróòpù ni wọ́n ń kó lọ fún àwọn ẹrú. Àwọn ìyá tí wọ́n mọ àkàrà í dín kò lè yan ohun tí a ó pín fún wọn, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ohun tí wọn yóò fi í ṣe. Bí a kò bá rí àdán, a ó fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Láti ọdún 1841, lẹ́yìn tí òwò ẹrú ti di èèwọ̀, ni wọ́n tún kó àwọn tí a gbà sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrú lọ ṣe alágbàṣe ní Trinidad, Yorùbá sì pọ̀ nínú wọn.

Ẹni tí ó bá fẹ́ dín in nílé kò gbọdọ̀ ṣi ẹja yìí mú fún pánla gbígbẹ ti ilẹ̀ Norway, nítorí afẹ́fẹ́ òtútù ni wọ́n fi ń gbẹ ìyẹn láìfi iyọ̀ sí i. Bí kò bá rí ẹja oníyọ̀ rà, kí ó ra ìdajì kílò ẹja funfun tí kò lọ́ràá púpọ̀, kí ó là á, kí ó yọ ìfun àti egungun rẹ̀, kí ó sì nù ún gbẹ. Kí ó tẹ́ ẹ sórí iyọ̀ nínú àwo, kí ó tún fi iyọ̀ bò ó títí ara rẹ̀ kò fi ní hàn mọ́. Kí ó dé e, kí ó gbé e sínú fìríìjì fún ọjọ́ méjì, kí ó máa da omi tí ó bá sun jáde nù. Iyọ̀ ni ó ń fa omi ara ẹja jáde, tí àwọn kòkòrò àìfojúrí tí ń mú ẹja rà kò fi lè gbilẹ̀.

Ní alẹ́ tí ó ṣáájú ọjọ́ dídín, kí ó ṣan iyọ̀ náà kúrò, kí ó rẹ ẹja sínú omi tútù nínú fìríìjì di ọjọ́ kejì, kí ó sì pààrọ̀ omi náà nígbà méjì tàbí mẹ́ta. Lẹ́yìn èyí, kí ó bọ̀ ọ́ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 15, kí ó da omi rẹ̀ nù, kí ó tọ́ ọ wò. Bí iyọ̀ bá ṣì mú jù, kí ó tún un bọ̀. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń kùnà, ó sì léwu fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá jà. Kí ó wá fi ọwọ́ ya á wẹ́wẹ́, kí ó máa ṣa egungun tí ó bá kù.

Fún ìdajì ẹja náà, fúláwà kọ́ọ̀pù kan àti bẹ́kìn páúdà ṣíbí kékeré kan tó. Kí ó gé àlùbọ́sà, àlùbọ́sà eléwé, ata rodo àti ewé táìmù díẹ̀ sí i, kí ó da ẹja mọ́ ọn, kí ó sì máa ta omi tútù sí i díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi ki bí ògì tí kò ṣàn. Kò gbọdọ̀ fi iyọ̀ kankan sí i mọ́. Àkàrà ẹ̀wà ń fẹ́ pípò gidigidi, nítorí afẹ́fẹ́ tí ó bá kó sínú ni ó ń mú un wú. Ti fúláwà kò rí bẹ́ẹ̀: bẹ́kìn páúdà ni ó ń wú u, bí a bá sì rò ó jù, yóò yi. Bí omi bá pọ̀ jù, àkàrà yóò tú sépo.

Kí òróró jìn tó ìka méjì nínú agbada. Bí a bá kán díẹ̀ sí i, tí ó rì tí kò léfòó, kò ì tíì gbóná. Bí ó bá pọ́n lójú ẹsẹ̀, ó ti gbóná jù. Ṣíbí kan ni ẹyọ àkàrà kan. Yóò yí i padà nígbà tí abẹ́ rẹ̀ bá pọ́n, láàrin ìṣẹ́jú mẹ́rin yóò ti jinná, yóò sì yọ ọ́ sínú ajere kí òróró rẹ̀ ro.

Ohun kan kù tí ó yẹ láti mọ̀ nípa búrẹ́dì tí a ó fi jẹ ẹ́. Ọmọ Jàmáíkà kan, Amos Shackleford, wá sí Èkó ní ọdún 1913 láti ṣe akọ̀wé ní iléeṣẹ́ rélùwéè. Ní ọdún 1921 ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ búrẹ́dì, ó sì gbòòrò tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń pè é ní ọba oníbúrẹ́dì. Ata rodo pẹ̀lú, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó ti kọ́kọ́ wá. Àkàrà lọ, ata dé, ọmọ erékùṣù sì wá di oníbúrẹ́dì ní Èkó.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní àkàrà ẹlẹ́ja kì í ṣe àkàrà nítorí pé kò ní ẹ̀wà, ẹni tí a jà lólè ni ó ń bá wí pé kò ní ẹrù. Wọ́n gba ẹ̀wà lọ́wọ́ àwọn ìyá náà, wọ́n gba ilẹ̀ àti òmìnira wọn. Ata, àlùbọ́sà, òróró gbígbóná àti orúkọ ni wọ́n fi sílẹ̀ fún ọmọ, àwọn ọmọ náà kò sì jẹ́ kí ó sọnù.