Ìbòòji Kí Ọdún Tó Yí

Ilé tuntun kì í fi bẹ́ẹ̀ tura lọ́dún àkọ́kọ́. Katapílà ti wó gbogbo igi orí ilẹ̀ náà, àgbàlá wá pá bí orí apárí. Tó bá di agogo méjì ọ̀sán nínú oṣù Ẹrẹ́nà, inú ilé ń jó, ìta náà ń jó. Abájọ tó fi jẹ́ pé igi tó yára dàgbà ni onílé tuntun kọ́kọ́ máa ń bèèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń ta òdòdó lẹ́bàá títì.

Mòríńgà, tí àwọn àgbà ń pè ní ewé igbálẹ̀, ni ọ̀gá wọn. Ẹsẹ̀ òkè Himalaya ní àríwá Íńdíà ló ti ṣẹ̀ wá, àmọ́ ilẹ̀ wa bá a lára mu. Bí a bá gbìn ín nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, ó lè ga ju mítà 3 lọ kí òjò ọdún kejì tó dé. Ewé rẹ̀ rí wẹ́wẹ́, oòrùn ń yọ́ gba àárín rẹ̀ kọjá, nítorí náà ẹ̀fọ́ tó wà lábẹ́ rẹ̀ kì í kú. Ṣùgbọ́n igi rẹ̀ rọ̀. Ìjì kan péré lè ṣẹ́ ẹ̀ka rẹ̀ sórí páànù. Ẹni tó bá ń gé orí rẹ̀ déédéé bọ́ lọ́wọ́ ìyẹn, yóò sì tún rí ewé já sọ́bẹ̀ sí i.

Ìbẹ́pẹ náà ń sáré. Ó lè so kí ọdún kan tó pé. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ó ní akọ, ó ní abo, kò sì sẹ́ni tó lè fojú dá wọn mọ̀ ní kékeré. Ọlọ́gbọ́n á gbin mẹ́ta tàbí mẹ́rin sójú kan, á dúró de òdòdó. Èyí tí òdòdó rẹ̀ ń fì dirodiro lórí ọ̀pá gígùn, akọ ni. Kó dá akọ kan sí, kó fi àdá yanjú àwọn akọ yòókù.

Kí ẹnikẹ́ni má gbin ọdán sítòsí ilé. Igi ọjà ni: gbòǹgbò rẹ̀ á wá ìpìlẹ̀ ilé kàn.

Ní ti ọgbà, kò yẹ kéèyàn náwó púpọ̀. Ká gé ọ̀pá ìyeyè tàbí akòko, ká gún un mọ́lẹ̀ nígbà òjò, á hu. Akòko tí wọ́n ń fi ewé rẹ̀ joyè yìí tún ń yọ òdòdó aláwọ̀ elése-àlùkò tó rẹwà, ṣùgbọ́n ta ló ń wò ó? Pèrègún náà kò le gbìn. Ó ti pẹ́ tí àwọn baba wa ti ń fi í pààlà.

Ẹni tó bá fẹ́ kí géètì rẹ̀ pọ́n fòò, bougainvillea láti ilẹ̀ Brazil ló máa ṣe é. Ohun tó ń pọ́n lára rẹ̀ kì í ṣe òdòdó, ewé ni. Òdòdó gan-an ni nǹkan funfun kékeré tó wà láàárín. Oòrùn ló fẹ́. Bí a bá ń bomi rin ín jù, ewé tútù nìkan ni yóò máa yọ.

Olómi òjò, tí òdòdó rẹ̀ ní àwọ̀ ìyeyè, tètè ń dàgbà, ó sì wọ́pọ̀ ní àgbàlá. Májèlé wà nínú ewé, oje àti èso rẹ̀, ó sì lè dá ọkàn ènìyàn dúró. Nílé tí ọmọdé bá wà, kí wọ́n fà á tu, kí wọ́n fi bougainvillea rọ́pò rẹ̀. Ẹ̀gún tirẹ̀ á gún ọmọ lọ́wọ́, kò ní pa á.