Òfin inú irinṣẹ́: àkájà adágún Nokoué àti ìwọ̀ àwọn Tlingit àti Haida

Ní Zongo, Parakou, a jìnnà sí omi ńlá. Ẹni tó fẹ́ ra ẹja yíyan lè bèèrè bóyá ti Malanville létí Odò Ọya ni, tàbí ti Kútọnu. Ó ṣọ̀wọ́n kó bèèrè irinṣẹ́ tí wọ́n fi mú un. Bẹ́ẹ̀, irinṣẹ́ ló ń pinnu ẹja tí a ó mú, ẹni tí yóò mú un, àti èyí tí yóò ṣẹ́ kù sómi.

Ẹ jẹ́ ká wo àkájà. Lórí adágún Nokoué, ní agbègbè Ganvié, àwọn apẹja máa ń gún ẹ̀ka igi mọ́ ẹrẹ̀ níbi tí omi kò ti jìn. Bó bá pẹ́, ewédò á hù sára igi. Epìyà á máa jẹ ẹ́, á sá pamọ́ síbẹ̀, á sì bímọ. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, wọ́n á fi àwọ̀n yí i ká, wọ́n á tu igi, wọ́n á kó ẹja. Àkájà kì í ṣe pańpẹ́ lásán, oko ni.

Ibẹ̀ gan-an ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó gún igi ti gba apá kan nínú omi gbogbo ayé. Ẹni tí kò lówó igi, tí àwọ̀n jíjù nìkan ni tirẹ̀, á rí i pé àyè ń há mọ́ òun. Igi pẹ̀lú ń jẹrà, wọ́n sì gbọ́dọ̀ gé òmíràn. Ẹrẹ̀ náà ń gbá jọ sídìí rẹ̀.

Ní etíkun Alaska àti British Columbia, àwọn Tlingit àti Haida ń gbẹ́ ìwọ̀ igi láti mú halibut, ẹja pẹlẹbẹ ìsàlẹ̀ òkun. Apá kan jẹ́ igi fúfúyẹ́, èkejì igi wúwo, egungun ṣóńṣó sì wà láàárín wọn. Àlàfo yìí ló ń ṣa ẹja: èyí tó kéré jù kò lè gbé e sẹ́nu, orí èyí tó tóbi jù kò lè wọ̀ ọ́. Abo ńláńlá, tí ẹyin wọn pọ̀ jù, á bọ́.

Òfin ìwọ̀ yìí wà nínú igi fúnra rẹ̀. Ti àkájà kò sí níbẹ̀. Àwọn ènìyàn ló gbọ́dọ̀ ṣe é: igi mélòó, irú igi wo, níbo? Ní Ivory Coast, lórí ọ̀sà Ébrié, àwọn olùwádìí ti fi ọparun dán an wò. Nítorí náà, ìbéèrè wa kì í ṣe bóyá ká fòfin de àkájà tàbí ká fi í sílẹ̀. Ká kọ òṣùwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀ ni, kí ẹni tó ní igi àti ẹni tó ní àwọ̀n nìkan jọ jókòó síbẹ̀.