Orí rélùwéè kékeré: Ẹ̀rọ ló yẹ kí oníṣòwò yẹ̀ wò, kì í ṣe ọ̀dà

Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á, àmọ́ ẹni tó bá mọ ọjà lè fi owó kékeré ra ojúlówó. Oníṣòwò tó ń ra ọjà àlòkù ní Ìlú Ọba lè bá orí rélùwéè kékeré, èyí tí wọ́n ṣe bíi ti gidi tó ń jẹ èédú, pàdé nínú ẹrù. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń rà á kì í ṣe ọmọdé. Àgbàlagbà tó mọ̀ ọ́n dáadáa ni wọ́n. Ẹni tó bá ra èyí tí kò lè rìn, owó rẹ̀ há nìyẹn.

Ìwọ̀n ló kọ́kọ́ ṣe pàtàkì. Èyí tó wọ́pọ̀ jù níbẹ̀ ni OO. Ìdá kan nínú 76 ti gidi ni, mílímítà 16.5 sì ni àlàfo àárín irin méjèèjì tó ń rìn lé. Nítorí pé ó wọ́pọ̀, oníbàárà àti ẹ̀yà ara rẹ̀ kì í ṣòro rí.

Ẹni tó bá fẹ́ tuntun lè wo ọ̀wọ́ RailRoad ti ilé iṣẹ́ Hornby. Owó rẹ̀ kò tó ti àwọn yòókù, nítorí pé iṣẹ́ ọnà tín-ín-tìn-ín ara rẹ̀ ni wọ́n dín kù. Bí wọ́n bá kọ “DCC Ready” sí páálí ọkọ̀ kan, ojúhò wà nínú rẹ̀ tí wọ́n lè ki ẹ̀rọ ìdarí ìgbàlódé sí nígbà tí owó bá dé.

Ní ti àlòkù, kí owó tó kúrò lọ́wọ́, kí olùtajà gbé e sórí irin, kó rọra rìn síwájú àti sẹ́yìn. Iná mànàmáná ló ń gbà láti ara irin wọ ẹsẹ̀ rẹ̀. Bó bá ń dúró tó tún ń lọ, ó lè jẹ́ ìdọ̀tí ẹsẹ̀ lásán, èyí tí ṣíṣe ìmọ́tótó lè yanjú. Ṣùgbọ́n bí irin abẹ́ rẹ̀ bá ti wú tàbí tó sán, àdàlù síǹkì tí kò dára ni, kò ní àtúnṣe. Kí oníṣòwò fi í sílẹ̀, bó ti wù kí ọ̀dà rẹ̀ máa dán tó.

Kó má sì sọ páálí nù. Èyí tí páálí àkọ́kọ́ rẹ̀ ṣì wà máa ń tà ju èyí tó wà ní ìhòòhò lọ. Ẹyọ kan tó ń rìn sàn ju mẹ́ta tó dùbúlẹ̀ sórí àtẹ lọ.